Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Owó Tún Ọ̀nà Abà Yín Ṣe

Ẹni tó bá ti fi ọ̀kadà kó kòkó láti abà jáde sí títì lóṣù Kẹwàá mọ̀ pé owó gidi ni ọ̀nà burúkú ń jẹ. Ọlọ́kadà á gba tirẹ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ ra kòkó náà á tún bu nǹkan kúrò nínú iye tó fẹ́ san, torí mọ́tò rẹ̀ ò lè wọlé wá gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń sanwó lórí ọ̀nà tí kò sí.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọ̀nà ní abà wa, lẹ́yìn Iléṣà, ní apá Àtàkúnmọ́sà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ìwé kiri. A ti ná owó síbi tí kò yẹ, a ti kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò ni ọ̀nà, owó wa sì ti há sí báńkì rí. Bí mo ṣe máa ṣe é ká ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lónìí ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Àwọn ará Ifẹ̀ tí wọ́n wà lápá Ifẹ́tẹ̀dó náà lè lò ó. Ọ̀rọ̀ kòkó àti ẹrẹ̀ kan náà ni.

Ìkíní: ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà nígbà òjò

Ẹ má tíì pe ìpàdé owó. Ìpàdé owó tí a bá pè láì mọ iye ibi tó bàjẹ́, ariwo ló máa ń bí. Ẹnì kan á ní ká pe gírẹ́dà, òmíràn á ní afárá ló kù, ẹnì kẹta á ní ká sáà lọ bá ọmọ wa tó wà ní Àbújá.

Ẹ mú èèyàn mẹ́rin: ọlọ́kadà tó mọ ibi tí táyà ti máa ń yọ̀, ìyá kan tó ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sọ́jà Àtàkúnmọ́sà, ọ̀dọ́ tó ní fóònù tó ń ya fọ́tò, àti ẹni tó lè kọ̀wé. Kó jẹ́ oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án, lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ọ̀nà tí ẹ bá lọ wò lẹ́ẹ̀rùn, irọ́ ló máa pa fún yín.

Oríta tí ọ̀nà yín ti ya kúrò lára títì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Níbikíbi tí mọ́tò bá ti lè há, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: bí ibẹ̀ ṣe jìn sí oríta tó (míìtà ọ̀kadà á sọ fún yín), ohun tó ṣe ibẹ̀, bó ṣe gùn tó, àti ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá. Kí ẹnì kan dúró sínú kòtò náà tí ẹ bá ń ya fọ́tò, kí ẹni tó máa wò ó ní ọ́fíìsì lè mọ bó ṣe jìn tó. Kòtò tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ kì í ju àwo ọbẹ̀ lọ lójú fọ́tò.

Kìlómítà méje ni ọ̀nà tiwa. Gbogbo wa ló máa ń sọ pé ó bàjẹ́ látòkè délẹ̀. Nígbà tí a kà á, ibi mẹ́sàn-án ni, tí a bá sì so gbogbo wọn pọ̀, wọn ò tó 600 mítà. Ibi kẹrin ni mi ò lè gbàgbé. Ríńgì mẹ́ta, òrùka kọnkéré tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, ni wọ́n ti rì síbẹ̀ láyé ọjọ́un. A bá wọn ní gbígbẹ, ewé kún inú wọn, bẹ́ẹ̀ omi ń hó nítòsí wa. A wá ibi tó ń gbà títí, àfi ìgbà tí ìyá tó tẹ̀ lé wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ní, "Ẹ wò ó, abẹ́ ló ń gbà." Mo ti ọ̀pá kan tó gùn jù mí lọ bọ abẹ́ ríńgì náà, kò kan nǹkan kan. Orí ihò la ti ń gun ọ̀kadà kọjá látọjọ́ yìí! Ẹni tó rì í kò mọ ògiri sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kò to òkúta síbi tí omi ti ń já, omi sì ti gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé gírẹ́dà ń wù wá ju bó ṣe yẹ lọ. Gírẹ́dà tó kàn ha ilẹ̀ lásán, ṣe ló ń sọ ọ̀nà di kòtò gígùn. Ọ̀nà á relẹ̀ ju igbó lọ, òjò oṣù Kẹrin á sì sọ ọ́ di odò. Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn rẹ̀ torí ariwo rẹ̀ pọ̀. Ohun tó ń gba ọ̀nà là ni kí omi tètè kúrò lórí rẹ̀. Kí àárín ọ̀nà ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ: tó bá fẹ̀ ní mítà 6, kí àárín fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 15 ga ju etí lọ. Kí gọ́tà wà lápá méjèèjì, kó sì máa ní ibi tó ti ń ya sínú igbó lóòrèkóòrè, kí omi má baà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́fáàtì (ríńgì pẹ̀lú ògiri rẹ̀) níbi tí odò ti gé e, àti yàǹgí níbi tí ẹrẹ̀ ti rọ̀. Ìyókù lè dúró.

Èkejì: ta ló ni ọ̀nà náà?

Odidi ọdún kan la fi ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo kí mẹ́sẹ́ńjà kan tó ṣàánú wa, tó ní ọ̀nà wa ò sí nínú ìwé wọn rárá.

Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni èyí tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá sí Iléṣà tó sì kọjá lọ sí Àkúrẹ́. FERMA, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002, ni títọ́jú irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni púpọ̀ nínú èyí tó so ìlú kan mọ́ òmíràn. Ọ̀nà abà ní tirẹ̀, káńsù ló ni ín. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, ka ṣíṣe ọ̀nà àti títọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú gọ́tà, ọjà àti ibùdókọ̀, mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sínú lẹ́tà yín. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ o, kí wọ́n sáà mọ̀ pé ẹ mọ̀. Tí ọ̀nà yín bá la ilẹ̀ káńsù méjì kọjá, lẹ́tà méjì ni.

Ẹ̀kẹta: ẹ bu iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́

Ẹ lọ bá ẹnjiníà tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ní káńsù. Bí káńsù ò bá tilẹ̀ lówó, òun lè wá wo ọ̀nà náà, kó sì sọ irú ríńgì tí omi ibẹ̀ ń fẹ́. Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e padà, ẹ fún un lóúnjẹ. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ wá birikìlà tó ti rì ríńgì tí òjò ọdún mẹ́ta ò sì gbé lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò, ẹ má gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ibì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní bébà tirẹ̀: ríńgì mélòó, sìmẹ́ńtì àpò mélòó, yanrìn, òkúta, típà yàǹgí mélòó, owó iṣẹ́. Ẹ béèrè iye níbi mẹ́ta, kí ẹ kọ déètì sí i, torí iye sìmẹ́ńtì kì í sùn. Ẹ wá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé gbogbo rẹ̀ fún ọ̀wọ́n ọjà tó ń bọ̀.

Èrè bíbù ú sí wẹ́wẹ́ ni pé kò sí ẹni tó máa dá gbé owó kìlómítà méje fún yín, ṣùgbọ́n ọmọ abà tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó lè sọ pé òun gba ibi kẹfà. Báyìí la ṣe rí kọ́fáàtì méjì. Àwọn ọmọ ìyá kan tó ti dolóògbé ló ṣe ọ̀kan, a kọ orúkọ ìyá wọn sára ògiri rẹ̀. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ẹbí mìíràn fi pè mí pé ibi wo ló kù.

Ẹ̀kẹrin: owó tiyín ló ń kọ́kọ́ jáde

Kò sí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ tó ń gbọ́ tẹni tí kò tíì dá nǹkan kan. Àmọ́ kí ẹ tó dá kọ́bọ̀, ẹ mọ ibi tó máa sùn. Lákọ̀ọ́kọ́, inú àkáǹtì bàbá kan tí gbogbo wa fọkàn tán la kó owó wa sí. Olóòótọ́ èèyàn ni. Ó kàn kú ni. Báńkì ní àfi kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ gba ìwé ní kóòtù kí wọ́n tó lè tọwọ́ bọ̀ ọ́, àwọn ọmọ náà sì wà káàkiri. Oṣù mẹ́rìnlá ni owó ọ̀nà fi há síbẹ̀. Wọ́n dá a padà, kọ́bọ̀ kan ò dín, ṣùgbọ́n ríńgì tí ì bá ra mẹ́jọ nígbà tí a dá a, mẹ́rin ló rà.

Nítorí náà, orúkọ ẹgbẹ́ ni àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè yín sílẹ̀ ní káńsù. Tí ẹ bá ní lọ́kàn láti gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn ará ìta, ẹ fi kún un kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin wọn tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020, lápá ti àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe òwò. Kí èèyàn mẹ́ta ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé báńkì, kí méjì nínú wọn sì fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń gbé inú abà gan-an. Kí Lọ́jà, olórí abà, má wà nínú wọn. Òun la máa fẹjọ́ sùn tí nǹkan bá wọ́, kò yẹ kó tún jẹ́ ẹni tí à ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ní ti bí owó ṣe ń wọlé, mo ti rí i pé owó orí ilé kì í tètè jọ. Ẹni tó ní oko kòkó ńlá àti opó tó ń ta ẹ̀wà, báwo ni wọ́n ṣe máa san iye kan náà? Ohun tó rọrùn jù ni iye kékeré lórí àpò kòkó kọ̀ọ̀kan níbi òṣùwọ̀n. Ẹ bá àwọn tó ń ra kòkó sọ ọ́ kí kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí wọ́n máa yọ ọ́ bí wọ́n bá ti ń sanwó. Tó bá jẹ́ ₦500 lórí àpò kan, tí abà yín sì ń kó àpò 800 jáde lọ́dún, ₦400,000 nìyẹn láì sí ìpàdé kankan. Ẹ ní kí ẹni tó ń rà á náà fi tirẹ̀ lé e, torí mọ́tò rẹ̀ náà ń fọ́. Ẹ sì tètè ṣe é nígbà tí kòkó bá lówó. Ní oṣù Kejìlá 2024, iye rẹ̀ lọ́jà àgbáyé ju dọ́là 12,000 lọ fún tọ́ọ̀nù kan. Ní 2025 ó ti wálẹ̀ gan-an, ẹni tí ì bá sọ pé "ẹ yọ ẹgbẹ̀rún kan" ti ń sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹni tí kò lówó lè fi agbára san tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ tí a bẹ̀ láti gbẹ́ gọ́tà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá, kí ẹ sì ṣírò iye tí à bá san fún lébìrà lójọ́ náà. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ níwájú.

Fún àwọn ọmọ abà tó wà lẹ́yìn odi, àsìkò ọdún Ìwúde àti Kérésì ni gbogbo wọn ń wálé. Ẹ má kàn ka orúkọ nínú ìpàdé kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ mú ẹnì kan tó máa bá ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ lò ó bí Òṣómàáló: òṣó ló máa ló títí owó á fi jáde. Ìjẹ̀ṣà ni wá, a ò gbọ́dọ̀ máa tijú àtigba gbèsè. Ẹni tó bá san, ẹ fún un ní rìsíìtì kíákíá, kí ẹ sì fi fọ́tò ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí ránṣẹ́ sí i.

Ẹ má ta okùn dí ọ̀nà láti gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ẹ ò ní àṣẹ rẹ̀, owó rẹ̀ kì í dé àpò ẹgbẹ́, lọ́jọ́ tí aláboyún bá sì há sẹ́yìn okùn yẹn, abà yín ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún: owó ará ìta

Káńsù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ní oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Inú wa dùn. Ní 2025 ìjà bẹ́ sílẹ̀ l'Ọ́ṣun lórí ta ni alága, owó káńsù sì há sọ́nà. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká béèrè ohun tí káńsù ní, yàtọ̀ sí owó: gírẹ́dà wọn fún ọjọ́ méjì tí ẹ bá ra dísù, ẹnjiníà wọn, lẹ́tà pé wọ́n mọ̀ yín. Kańsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín ni kó mú yín wọlé.

Ẹ tètè lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ àti aṣòfin yín. Oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá ni ìwé ìṣúná wọn ń ṣiṣẹ́ fún, àwọn oṣù tó kẹ́yìn ọdún ni gómìnà sì máa ń gbé tuntun lọ fún ilé ìgbìmọ̀. Lẹ́tà tó bá dé lóṣù Kọkànlá ti pẹ́. Kí tiyín ti wà nílẹ̀ ní oṣù Keje.

Lẹ́yìn náà ni àwọn iṣẹ́ tí owó Báńkì Àgbáyé wà nínú wọn. Lábẹ́ CSDP, iṣẹ́ ìdàgbàsókè abà àti ìlú tó ti parí báyìí, abà ló ń yan ohun tó fẹ́ nígbà náà, abà ló ń mú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wá, ìdá 90 tó kù sì ń wá láti ọ̀dọ̀ àjọ ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó o. Iṣẹ́ ọwọ́ àti yanrìn tí abà bá fi sílẹ̀ lè wà nínú ìdá 10 yẹn. Ẹ rí ìwúlò orúkọ tí a kọ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ báyìí. Àjọ ìdàgbàsókè yìí, tí wọ́n ń pè ní CSDA, náà ló ń bójú tó àwọn iṣẹ́ kéékèèké nínú NG-CARES, ètò ìrànlọ́wọ́ tó wáyé lẹ́yìn Kòrónà. Ní ti RAMP ẹlẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà ìgbèríko, Ọ̀ṣun wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́rin tó jẹ àǹfààní rẹ̀, pẹ̀lú Adamawa, Enugu àti Niger; àjọ ìdàgbàsókè Faransé wà níbẹ̀ pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dé lójijì, wọn a sì béèrè iye èèyàn, ilé ìwé, ọjà àti ilé ìwòsàn tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ ti kà wọ́n sílẹ̀.

Ìkan wà tí ọ̀pọ̀ abà wa kò mọ̀. Wúrà wà lápá Ìperindó, Igun àti Ìtagunmódì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà kò wọ́n. Òfin Ohun Alumọ́ọ́nì ti 2007, ní abala 116, sọ pé ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ láti wa wúrà tàbí láti fọ́ òkúta gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin náà dárúkọ ọ̀nà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún àdéhùn náà yẹ̀ wò. Tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ bi Lọ́jà léèrè ibi tí ìwé náà wà. Bí ó bá ní òun ò mọ̀, ẹ rọra, ẹ má pariwo, ṣùgbọ́n ẹ tún béèrè.

Àwọn agbégilódò náà ò gbọ́dọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ gẹdú kan lójò ń ba ohun tí ọ̀kadà ọdún kan ò lè bà jẹ́. Típà yàǹgí ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ má gba owó. Owó máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Lẹ́tà náà

Ojú ewé kan. Kò sí ìwúre gígùn, kò sí "a fi ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn" ìlà mẹ́ta. Ẹ kọ ibi tí ọ̀nà wà, bó ṣe gùn tó, abà mélòó ló ń lò ó, ibi mélòó ló bàjẹ́, iye tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ, iye tí ẹ ti dá, ibi tí ẹ ti ṣe, àti ibì kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà ṣe. Fọ́tò méjì: ibi tí ẹ ti tún ṣe àti ibi tó kù.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú déètì, kí ẹ tó kúrò níwájú kíláàkì. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ò kọ ọ́. Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti gbé owó ọ̀nà yín jáde tí ẹ ò rí típà kan, òfin FOI ti 2011, òfin òmìnira láti gba ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba, fún yín láṣẹ láti béèrè ìwé rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní 2025 pé òfin náà mú ìpínlẹ̀ àti káńsù pẹ̀lú.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni kí ẹ ti ṣe é, kí omi odò ti fà. Ẹ má san gbogbo owó fún agbaṣẹ́ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san díẹ̀ tí ẹrù bá dé, díẹ̀ tí ríńgì bá wọlẹ̀, ìyókù lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan jókòó sídìí sìmẹ́ńtì, kó máa ka òfìfo àpò tí wọ́n bá tú. Kí wọ́n máa bomi rin kọnkéré fún ọjọ́ méje, kí ẹnikẹ́ni má sì gun orí rẹ̀ kọjá. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹta ni ọlọ́kadà kan gùn ún lóru. Ipa táyà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ nínú àkáǹtì, ẹ má ná a tán. Ọjọ́ méjì lọ́dún ni ọ̀nà ń fẹ́: ọjọ́ kan lóṣù Kejì kí òjò tó dé, ọ̀kan lóṣù Kẹjọ nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, láti kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà àti ríńgì. Ṣọ́bìrì mẹ́fà àti bárò méjì la rà fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n wà, mẹ́ta ti sọnù kí ọdún tó yí. Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ni wọ́n wà báyìí, ó sì ní ìwé tí ẹni tó bá mú un ń fọwọ́ sí.